Àǹtí Wa Ò Sọ Bẹ́ẹ̀

Owú ni mo jẹ. N ò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì, mo ti fẹ̀yìn tì, eékún ti ń dùn mí, mo sì tún wá ń jowú ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, nítorí pé ọmọ ọmọ mi gba tirẹ̀ gbọ́ ju tèmi lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ ọmọ mi yìí. Àbújá ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni ó sì fi í sí láti ìgbà tí ó ti gbà á lẹ́nu ọmú. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ ẹnu. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Àdúrà Olúwa, tí mo sì kọ́ ọ ní A, B, D lórí ilẹ̀ yàrá, kí ilé ìwé kankan tó mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, ohun tí mo bá ti sọ, abẹ ti gé e. Bí mo bá ní ẹ̀yìn òkè tó kọjú sí ilé wa ni òṣùpá ń sùn sí, ibẹ̀ ló ń sùn sí nìyẹn, kò ní bi ẹlòmíràn mọ́.

Ìgbà tí ó wọ kíláàsì kejì ni nǹkan yí padà. Tíṣà tuntun kan ni wọ́n fún wọn, tíṣà tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àǹtí wa ní kí a máa jẹun díẹ̀díẹ̀. Àǹtí wa ní ọsàn, ọ̀bẹ kọ́ ni wọ́n fi ń bó o, ọwọ́ ni. Àǹtí wa ní ká máa sọ pé "ẹ ṣeun" fún ọlọ́kadà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo yọjú sí yàrá, mo bá a tí ó to ìrọ̀rí mẹ́rin sí orí ìjókòó, ó ń kọ́ wọn níwèé. Ohùn àlejò ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ohùn tó rọ̀ bíi ti ará Ọ̀ṣun, kò sí ohun Èkìtì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ ọmọ mi ò fi ohùn mi kọ́ ìrọ̀rí rí. Mo padà sí ìdí ìkòkò mi, n ò sì mọ ìgbà tí mo da iyọ̀ sí ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ odò ló mú mi kọjá ààlà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ó darí dé pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé ní eékún méjèèjì. Mo ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Ó ní Àǹtí wọn fi ẹfun ya odò kan gbọọrọgbọ sí ilẹ̀ kíláàsì, láti iwájú títí dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ sì dúró sí ẹ̀bá rẹ̀ bí ìlú. Ẹnì kan ń fọ aṣọ, ẹnì kan ń pa ẹja, ẹnì kan ń bu omi sí ẹ̀fọ́. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n pe odò náà. Òun fúnra rẹ̀ ni Òṣogbo.

Mo ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Níbo wá ni odò náà ti wá?"

Ó ronú díẹ̀. "Láti ara bọ́ọ̀dù."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá o. Láti Ìgèdè ni. Ìlú mi ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn oko bàbá mi gan-an, ọ̀kan nínú àwọn ojú ìsun rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti bu omi níbẹ̀ nígbà tí mo wà bí ìwọ báyìí."

Ó wò mí. Kì í ṣe ojú àfojúdi. Ojú àánú ni, irú èyí tí a fi ń wo àgbàlagbà tó fi bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ní, "Màmá, Àǹtí wa ò sọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí wa ní ti Òṣogbo ni. Òṣogbo sì ni ìlú Àǹtí wa."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ká mi lára. Odò Ọ̀ṣun, ilẹ̀ Èkìtì ló ti ń yọ jáde, ní Ìgèdè, kí ó tó máa ṣàn lọ sí Òṣogbo, kí ó tó gba ìsàlẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, kí ó tó wọnú ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ Ìgèdè? Òṣogbo ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ lọ́dọọdún. Òṣogbo ló ní àwòrán, òun ló ní òyìnbó tó ń ya fọ́tò. Wọ́n tún wá fi orúkọ odò náà pe odindi ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ náà kì í sì í ṣe tiwa. Àwa la bímọ, àwọn ló ń jẹ orúkọ ọmọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbé owú yìí kiri, ti ìlú mi sí ìlú wọn, mo sì rò pé ó ti sùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló jí i.

Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ ni ohun kan tún wá sí mi lọ́kàn, n kì bá sì fẹ́ kí ó wá. Ó ti lé lógún ọdún. Obìnrin kan láti Ìgbẹmọ wá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi, ẹrẹ̀ oko wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìrẹsì ni ó ń gbìn, bíi ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ náà sì ti sọ fún un nílé pé ìrẹsì kì í hù ní Èkìtì, pé inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń wá láti òkè òkun, nítorí pé tíṣà wọn sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ní, "Tíṣà, ìrẹsì tí mo fi ń san owó ilé ìwé rẹ̀ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó má bínú, ohun tó wà nínú ìwé ni mo kọ́ wọn. N ò padà sọ nǹkan kan fún ọmọ náà. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Èyí ò dín owú mi kù o. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo wọ aṣọ tí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì, mo gun ọ̀kadà, mo lọ sí ilé ìwé wọn.

Ìrètí mi ni pé ọmọbìnrin náà yóò yájú sí mi, kí n lè rí ohun tí n ó fi bá a jà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti rí mi ni ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì lójú gbogbo ọmọ, lórí ẹfun tó kù nílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀yin ni màmá tí ọmọ ọmọ yín máa ń sọ̀rọ̀ yín fún wa." Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Mo tiẹ̀ pa òwe fún un, mo ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ó tẹ́tí sí i títí mo fi parí.

Ó ní, "Mà, n ò parọ́ fún yín, n ò mọ̀. Níbi tí wọ́n bí wa sí, a kàn mọ̀ pé odò wà níbẹ̀ ni. A ò bèèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ."

Mo ní ẹnu ò tó o. Mo ní mo máa mú wọn lọ fi ojú ara wọn rí i. Ọ̀gá wọn gbà, àwọn òbí gbà, wọ́n sì fi í sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù kejì ọdún, tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Ohun tí mo fẹ́ ò fara sin. Mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi dúró lẹ́yìn oko bàbá mi, kí ó wo omi, kí ó wo Àǹtí rẹ̀, kí ó wá wo èmi.

Mo pe àbúrò mi tó ń dá oko náà lórí fóònù. Mo ní àwọn ọmọ ilé ìwé ń bọ̀ láti Adó, wọ́n lé ní ogún, tíṣà wọn sì jẹ́ ará Òṣogbo. Mo ní kí ó bá mi tún ibi omi yẹn ṣe dáadáa, kí wọ́n má baà rí wa fín.

Ó ní, "Fi uṣẹ́ yẹn lé mi lọ́wọ́. Ùlú wa ò níí tẹ́."

Nígbà tí ọjọ́ pé, iwájú bọ́ọ̀sì ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi. Ẹ̀yìn ló lọ, lọ́dọ̀ Àǹtí rẹ̀, ó gbé orí lé apá ọmọbìnrin náà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo ń wò wọ́n nínú dígí dírẹ́bà títí a fi kọjá Ìyìn. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo dìde, mo di irin àga mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Mo ní ẹ̀yin ọmọ, ẹ ó rí omi tó ń hó yaya láti inú ilẹ̀. Mo ní ẹ ó rí akàn. Mo ní nígbà tí mo wà bí ẹ̀yin, omi náà máa ń tutù débi pé eyín máa ń dun ènìyàn. Inú wọn ń dùn, èmi náà sì ń fi kún un. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ti gbàgbé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni ó ń tú jáde.

Àbúrò mi dúró dè wá ní ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Lédè tiwa, a kì í fi "ẹ" pọ́n àgbà lé bí àwọn tó kù, nítorí náà ni ó fi pariwo sí mi pé, "O kú àbọ̀ o!" tí ọmọbìnrin Òṣogbo náà sì fi wojú mi bóyá n ó bínú. Ọ̀nà oko ti di títì. Wọ́n ti ṣán an, wọ́n ti gbá a. A tẹ̀ lé e lọ, àwọn ọmọ tò lẹ́yìn wa ní méjì méjì, títí a fi dé ibi tí igi àràbà kan wà, tí mo mọ̀ bí mo ti mọ ọwọ́ mi.

Kò sí omi níbẹ̀.

Yanrìn funfun ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí yanrìn náà ni àbúrò mi to àga oníke mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí, pẹ̀lú tábìlì kan tó ní aṣọ lórí.

Mo ní, "Omi dà?"

Ó ní, "Omi wo? Àbí ẹrẹ̀ yẹn? Mo ti bá ọ dí i. Yanrìn bárò méjìlá ló gbà." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n yìn ín.

N ò lè bá a wí, èyí ló tilẹ̀ dùn mí jù. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi àti òun ni ó ṣe. Nílé bàbá wa, bí àlejò bá ń bọ̀ láti ìlú ńlá, a ó gbá ojúde, a ó wá yanrìn dà sí gbogbo ibi tó bá ní ẹrẹ̀, kí bàtà àlejò má baà bàjẹ́. Mo ní kí ó tún ibẹ̀ ṣe, ó sì tún un ṣe. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń mu ní àdúgbò náà láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ru ìkòkò lọ sí abẹ́ igi àràbà mọ́. Lójú àbúrò mi, ojú ìsun odò Ọ̀ṣun jẹ́ ibi tí alùpùpù rẹ̀ ti máa ń rì. Èmi tí mo ń pa òwe orísun kiri yìí, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn.

Ọmọ kan bèèrè pé, "Màmá, odò náà dà?" Òmíràn ní, "Ṣé abẹ́ tábìlì ló wà?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo wo ọmọ ọmọ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú àánú yẹn ló tún fi ń wò mí, ìtìjú mi sì ti di tirẹ̀. Ó rọra sún mọ́ Àǹtí rẹ̀.

Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà. Mo mọ ohun tí èmi ì bá ṣe ká ní èmi ni òun. Èmi ì bá ní, "Ó dáa, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká jẹun," tí n ó sì fi ẹ̀rín sí kọ̀rọ̀ ètè. Òun kàn ń wo ilẹ̀. Ó tẹrí ba, ó fọwọ́ kan yanrìn náà. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo yín, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ bá mi kó àga kúrò. Màmá ní omi wà nísàlẹ̀ ibí yìí. Ṣé ẹ fẹ́ kí a wá a?"

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀! Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ilẹ̀ bí adìyẹ. Àbúrò mi ń kígbe nítorí aṣọ tábìlì rẹ̀. Yanrìn funfun kọ́kọ́ fò sókè, ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó dúdú díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ra bíi gaàrí tí a wọ́n omi sí. Ọmọ kan wá pariwo. Ó ní, "Ó ń bọ̀!" Omi náà ò hó yaya rárá. Ó kàn ń sun díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀, títí ihò náà fi ní omi tó tó ìwọ̀n ife kan. Òmíràn ní tòun náà ti ń yọ. Láìpẹ́, ihò tó lé lógún ló ń kún, olúkúlùkù ń ṣọ́ tirẹ̀, wọ́n ń ké pé, "Ọ̀ṣun tèmi rèé! Ẹ má tẹ Ọ̀ṣun mi!" Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ká ní omi náà wà bí ó ti máa ń wà ni, wọn ì bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọn ì bá sì bèèrè oúnjẹ.

Ti ọmọ ọmọ mi nìkan ni kò yọ. Etí kan ló ti ń wa tirẹ̀, ẹkún sì ti ń gbọ̀n ọ́n. Mo gbàgbé eékún mi. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní kí a sún síbí, mo mọ ọ̀nà tí omi ń gbà. A jọ wà á. Nígbà tí omi náà kan ìka rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ó tutù!" Mo ní, "Ṣé mo parọ́?" Ó ní rárá. Ẹ bá mi dúpẹ́, ó ní rárá.

Ọmọbìnrin náà wá sọ pé, "Mà, ìyókù dọwọ́ yín." Mo wà lórí eékún níbẹ̀, mo sọ ọ́ fún wọn. Mo ní omi tó wà nínú ihò yín yìí kéré, kò lè gbé ewé kan rìn. Ṣùgbọ́n yóò bá òmíràn pàdé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn yóò di ìṣàn, ìṣàn yóò di odò. Yóò fún ẹ̀fọ́ ẹnìkan ní omi, yóò tọ́ ẹja tí ẹnìkan yóò fi ra ìwé fún ọmọ rẹ̀, wọn yóò gbé e gba inú ẹ̀rọ, yóò sì dé inú ife àwọn ọmọ tí ẹ ò mọ̀ rí. Mo ní, "Bí ẹnì kan bá wá tọ̀ sínú ihò yìí, ta ni yóò mu ún?"

Ọmọ kan ní, "Ará Òṣogbo." Òmíràn ní, "Áà! Ìyá Àǹtí wa ni yóò mu ún!" Ni gbogbo wọn bá figbe ta pé àwọn ò ní tọ̀ síbẹ̀ láé. Àǹtí wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Inú tèmi náà dùn díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tí a ń padà, iwájú ni ọmọ ọmọ mi wá jókòó sí, ó sùn lórí itan mi, yanrìn wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo wo dígí dírẹ́bà. Ọmọbìnrin Òṣogbo náà dá jókòó lẹ́yìn, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo ronú pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti borí.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá ọmọ ọmọ mi máa ń pè wá láti Àbújá. A ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé fóònù lé orí tábìlì kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́ ọ. Ọmọ náà ò tilẹ̀ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kí mi tán.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ ibi tí odò Ọ̀ṣun ti wá?"

"Òṣogbo ni, àbí?"

"Rárá o! Ìgèdè ni! Lẹ́yìn oko bàbá Màmá! Mo fọwọ́ kàn án!"

Mo tún gèlè mi ṣe. Mo tẹ̀ síwájú lórí àga.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? N ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí o. Ta ló sọ fún ẹ?"

Ọmọ náà ò ronú rárá. Ó ní, "Àǹtí wa ni."

Ìyá rẹ̀ wá ní, "Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ń dúró de ẹnu mi. Mo rántí obìnrin Ìgbẹmọ yẹn àti ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sún mọ́ fóònù.

Mo ní, "Òótọ́ ni. Àǹtí wọn sọ bẹ́ẹ̀."